Bí Iná Bá Sọ Lóru, Ibo Lẹ Máa Gbà Jáde? Ohun Tó Yẹ Kí Onílé, Ayálégbé Àti Ọlọ́jà Mọ̀

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ báyìí, ìròyìn ìjàǹbá iná kì í wọ́n lórí rédíò. Lónìí ilé ìgbé ni, lọ́la ọjà ni, lọ́jọ́ mìíràn ọ́fíìsì tàbí ilé ẹ̀kọ́ ni. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé kí ló fà á. Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ ìbéèrè kejì wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu wa: àwọn tó wà nínú ilé náà, ibo ni wọ́n gbà jáde? Ilẹ̀kùn wo ló ṣí, èwo ló wà ní títì pa?

Torí olè la ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa bá a ṣe kọ́ ọ. Irin bọ́gúlárì wà lójú fèrèsé, irin wà lẹ́nu ọ̀nà, àgádágodo wà lára géètì ilé, géètì mìíràn tún wà lẹ́nu àdúgbò. Irin tí kì í jẹ́ kí olè wọlé yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí onílé jáde lọ́jọ́ iná. A ò sọ pé kẹ́ ẹ yọ irin dànù o, torí olè ò tíì tán nílùú. Ohun tá à ń sọ ni pé gbogbo irin àti gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nílé yín gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú, kíákíá, nínú òkùnkùn, kódà fún ọmọ tó ti gbọ́njú. Bí ẹ ò bá tíì ṣe ìyẹn, gbogbo ètò yòókù tẹ́ ẹ bá ṣe nípa iná, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

Èéfín ló máa ń ṣáájú iná

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọwọ́ iná fúnra rẹ̀ ló ń pa èèyàn jù. Èéfín ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ èèyàn, òun náà ló sì ń pa ọ̀pọ̀ kí iná tó kàn wọ́n lára. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì, àga ìjókòó, kọ́tìnnì, ráọ́gì, ike àti ọ̀rá tó kún ilé wa máa ń tú èéfín dúdú olóró jáde bí wọ́n bá ń jó. Nínú èéfín náà ni gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò ní òórùn. Òun náà ló máa ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Bí èèyàn bá ń mí in símú, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó, ara á rọ, á sì dákú láìmọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹni tó ti sùn lọ, kò dájú pé òórùn èéfín máa jí i. Ìdí nìyí tí iná òru fi burú ju ti ọ̀sán lọ. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì fóòmù àti àga wà nínú rẹ̀ sì lè gbiná látòkè délẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, kò sí àyè pé à ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Èkó ní ọjọ́ 16, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025. Iná sọ nílé Afriland Towers, lójú ọ̀nà Broad Street, ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní inú yàrá tí wọ́n kó inverter sí nísàlẹ̀ ilé ni iná ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ni, ọjọ́ iṣẹ́ ni, ojú gbogbo èèyàn là kedere. Síbẹ̀, èéfín gba inú ilé gòkè, ó há àwọn tó wà lókè mọ́, àwọn kan sì ní láti gba ojú fèrèsé jáde. Èèyàn 10 ló kú. Ìsàlẹ̀ ni iná wà, àwọn tí kò tiẹ̀ rí ọwọ́ iná sójú rárá ló wà nínú ewu. Iṣẹ́ ọwọ́ èéfín nìyẹn: ojú ọ̀nà àkàsọ̀ tó yẹ kí èèyàn gbà sọ̀ kalẹ̀ lòun náà máa ń gbà gòkè.

Ẹ yẹ ilé yín wò láti yàrá dé géètì

Ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, kẹ́ ẹ rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì yín títí dé ojú títì bí ẹni tó ń sá fún iná. Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ máa wò nìyí.

Irin ojú fèrèsé: Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan tí èèyàn ń sùn sí, ó yẹ kí irin fèrèsé kan, ó kéré tán, ṣeé ṣí láti inú. Àwọn wẹ́dà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á gé apá kan irin náà, wọ́n á fi íńjì sí i bíi ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì fi ìdè sí i láti inú. Bí àgádágodo lẹ bá fẹ́ fi tì í, ẹ fi ìṣó kan kọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sára ògiri nítòsí fèrèsé náà, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà níta kò lè dé, kẹ́ ẹ má sì gbé e kúrò níbẹ̀ láé. Gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀.

Ilẹ̀kùn àbájáde: Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ìyáálé ilé tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá. Ibì kan pàtó ni kó máa wà lálaalẹ́. Bí ilẹ̀kùn méjì bá wà, ẹ má ṣe fi fíríìsà tàbí kọ́bọ́ọ̀dù dí ọ̀kan nítorí pé ẹ kì í gba ibẹ̀.

Pàsééjì: Nínú ilé oníyàrá tó kọjú síra, tí à ń pè ní face-me-I-face-you, pàsééjì àárín nìkan ni ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an la sì máa ń kó sítóòfù, dúrọ́ọ̀mù omi, ọ̀kadà tó ní epo nínú, àti jẹnẹrétọ̀ sí. Bí iná bá sọ lára ọ̀kan nínú wọn, gbogbo yàrá ló há yẹn. Ẹ kó wọn kúrò.

Àkàsọ̀: Abẹ́ àkàsọ̀ kì í ṣe sítọ́ọ̀. Àwọn tó ń kó àpò sìmẹ́ńtì, àga tó ti bàjẹ́, kẹ́ẹ̀gì epo tàbí bátìrì inverter sábẹ́ àkàsọ̀ ń kó iná síbi tí gbogbo ará òkè máa gbà sá.

Géètì àdúgbò: Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló máa ń ti géètì títì wọn láti aago méjìlá òru. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ọlọ́dẹ bá rìn lọ sí òpin àdúgbò kejì, ta ni ẹnì kejì tó ní in? Ọkọ̀ panápaná tó dúró sẹ́nu géètì kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí kò wá. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù.

Àwọn tí a máa ń tì mọ́lé

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Àwọn òbí kan máa ń ti ọmọ mọ́lé láti ìta bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà, síbi iṣẹ́ tàbí síbi ìsìn òru. Wọ́n ní kí ọmọ má báa jáde lọ ṣeré ni, kí gbọ́mọgbọ́mọ má báa gbé e. Àwọn ọlọ́jà kan náà máa ń ti ọmọọṣẹ́ mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù pé kó máa ṣọ́ ọjà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí iná bá sọ, ọmọ náà ò lè jáde, aládùúgbò ò sì lè wọlé. Ẹ̀rọ apaná kankan ò lè tún èyí ṣe.

Bí ẹ bá máa fi ọmọ sílẹ̀, ẹ fi í sọ́dọ̀ aládùúgbò tẹ́ ẹ fọkàn tán. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀ rárá, kọ́kọ́rọ́ kan gbọ́dọ̀ wà nínú ilé lọ́dọ̀ ọmọ tó dàgbà jù, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ aládùúgbò. Ọmọọṣẹ́ tó bá ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ lè fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn láti inú.

Bákan náà ni àwọn àgbàlagbà, àwọn tí ara wọn ò le, àti àwọn tí kò lè rìn dáadáa. Bí ilé bá ní òkè àti ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, nítòsí ilẹ̀kùn.

Ẹ ṣe ìdánrawò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó

Ẹ pe gbogbo ará ilé jọ, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ sọ ọ̀nà méjì tí ẹni kọ̀ọ̀kan lè gbà jáde nínú yàrá rẹ̀. Ẹ sọ ẹni tó máa gbé ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó máa mú màmá àgbà dání. Ẹ yan ibì kan níta tí gbogbo yín á ti pàdé, bóyá abẹ́ igi máńgòrò tó wà lódìkejì títì tàbí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Ibi ìpàdé yìí ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé gbogbo èèyàn ti jáde. Ọ̀pọ̀ ló ti padà sínú iná nítorí ẹni tó ti jáde, tó wà lẹ́yìn ilé láìjẹ́ pé wọ́n rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ paná ilé, kí gbogbo yín dijú, kẹ́ ẹ wá rìn jáde. Bí ó bá gba àkókò jù, ẹ wo ohun tó dá yín dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kò pọ̀ jù. Ó dára kẹ́ ẹ ṣe ọ̀kan kí ọyẹ́ tó wọlé.

Bí agbára bá wà, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí èéfín bá kàn án. Àjà yàrá ni wọ́n ń kàn án mọ́, torí òkè ni èéfín máa ń gbà. Bátìrì ló ń lò, nítorí náà kò dúró de iná NEPA. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lóṣooṣù láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ké.

Bí iná bá ti sọ

1. Ẹ pariwo "Iná! Iná!" kí gbogbo ilé gbọ́. Ẹ lu ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò bẹ́ ẹ ṣe ń kọjá.

2. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná, iná wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣí i. Ẹ lo ọ̀nà kejì.

3. Bí èéfín bá ti wà, ẹ tẹ̀ba tàbí kẹ́ ẹ rákò. Afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo imú, ṣùgbọ́n ẹ má dúró wá aṣọ.

4. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín bẹ́ ẹ bá ti jáde tán, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ilẹ̀kùn tó wà ní pípadé máa ń fa ọwọ́ iná àti èéfín sẹ́yìn fúngbà díẹ̀.

5. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àkàsọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má wọ lífìtì, torí bí iná mànàmáná bá lọ, inú rẹ̀ lẹ máa há sí.

6. Bí ọ̀nà bá dí pátápátá, ẹ wọ yàrá tó jìnnà sí iná tó sì ní fèrèsé, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ máa ju aṣọ tó mọ́ lójú káwọn tó wà níta lè rí yín. Ẹ fi fóònù sọ yàrá tẹ́ ẹ wà gan-an.

7. Bẹ́ ẹ bá ti jáde, ẹ má padà wọlé. Kì í ṣe nítorí owó, kì í ṣe nítorí sátífíkéètì, kì í ṣe nítorí fóònù. Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù sínú ilé, àwọn panápaná tó ní aṣọ àti ẹ̀rọ ìmí ni kẹ́ ẹ sọ fún, kẹ́ ẹ júwe yàrá náà fún wọn.

Ta ni ká pè, kí la máa sọ?

Nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni 112. L'Èkó, ẹ tún lè pe 767. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 615 ni. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sórí ògiri, ẹ má fi í sínú fóònù nìkan, torí fóònù lè wà nínú ilé tó ń jó. Ẹ tún lọ sí iléeṣẹ́ panápaná tó súnmọ́ yín jù, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà wọn.

Ẹ má dúró dìgbà tí omi bá tán kẹ́ ẹ tó pè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: wọ́n á kọ́kọ́ bu omi, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀, ìgbà tí apá ò bá ká a mọ́ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pe panápaná. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dé, òrùlé ti wó. Kí ẹnì kan máa pè bí àwọn yòókù ti ń jáde.

Bí wọ́n bá gbé e, ẹ sọ orúkọ àdúgbò, títì àti nọ́ńbà ilé. Ẹ fi mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé epo tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí júwe ibẹ̀. Ẹ sọ ohun tó ń jó, àjà kelòó ló wà, àti bóyá èèyàn há sínú rẹ̀. Kí ẹnì kan lọ dúró sí oríta láti mú ọkọ̀ náà wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wá wòran, ẹ gbé mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ má bá panápaná jà, ẹ má sọ òkò lù wọ́n nítorí pé wọ́n pẹ́. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá fi ń sá fún yín ni iná fi ń jẹ ilé kejì.

Ẹ̀rọ apaná: ìgbà wo lẹ lè lò ó?

Ẹ̀rọ apaná ni sílíńdà pupa tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ògiri. Iná tó ṣì kéré, tó jẹ́ ìwọ̀n páálí ìdalẹ̀nù, ló wà fún. Èyí tó mọ níwọ̀n tí a ń rà sílé kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú kí ohun inú rẹ̀ tó tán. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ̀yìn yín gbọ́dọ̀ kọ sí ọ̀nà àbájáde, kí iná wà níwájú yín, kó má baà sí láàárín ẹ̀yin àti ilẹ̀kùn.

Ẹ yọ píìnì rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná níbi tó ti ń jó, kì í ṣe sí ọwọ́ iná tó ń fò lókè. Ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbé ẹnu rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì. Bí iná ò bá kú, ẹ sá jáde.

Irú rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Èyí tó jẹ́ omi dára fún igi, ìwé àti aṣọ, àmọ́ ẹ má lò ó fún iná mànàmáná, bẹntiróòlù tàbí òróró gbígbóná. Èyí tó ní ìyẹ̀fun nínú ló wọ́pọ̀ fún ilé àti mọ́tò, torí ó lè pa iná igi, epo, gáàsì àti ti mànàmáná. Èyí tó jẹ́ gáàsì carbon dioxide ló bá ẹ̀rọ iná àti kọ̀ǹpútà mu jù. Ẹ máa wo gèéjì tó wà lórí sílíńdà oníyẹ̀fun: bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lójú àwọ̀ ewé, ó dáa. Bó bá ti bọ́ sí pupa, ẹ gbé e lọ fáwọn tó ń ṣe é. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Ohun tó sábà máa ń dá iná sílẹ̀ nílé

Gáàsì ìdáná: Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń rá sí, ó sì lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé yàrá mìíràn. Bẹ́ ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná, ẹ má sì paná, torí ìtapàrà kékeré inú súwíìṣì ti tó. Ẹ ti orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kẹ́ ẹ jáde. Bí ààyè bá wà, ìta ni kí sílíńdà máa wà, kó dúró lórí ìdí rẹ̀, kí róbà tó so ó mọ́ sítóòfù má sì ní ìlà tó ti ya. Ọṣẹ àti omi lẹ fi ń mọ̀ bóyá ó ń jò: bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má fi ìṣáná dán an wò.

Òróró dídín: Bí òróró bá gbiná nínú àgbadà, ẹ má da omi sí i. Omi á rì sábẹ́ òróró, á hó lójijì, á sì fọ́n òróró tó ń jó ká gbogbo ilé ìdáná. Ẹ paná sítóòfù, ẹ fi ọmọrí irin tàbí aṣọ tútù tẹ́ ẹ ti fún omi rẹ̀ bò ó, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi tutù pátá. Ẹ má gbé e rìn.

Iná mànàmáná: Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù, hítà àti ẹ̀rọ amúlétutù kúrò lójú iná, torí ó lè dé nígbà tí ẹ ò bá sí nílé, ó sì lè dé pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ. Ẹ má so ẹsitẹ́ńṣọ̀n mọ́ ẹsitẹ́ńṣọ̀n. Bí fíúsì bá jó, fíúsì bíi tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò, kì í ṣe waya lásán. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ń gbóná tàbí tó ń rùn ń ké gbàjarè ni, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ àti epo: Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó bu epo sí i. Ìta ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ sùn nínú ilé.

Kẹrosíìnì: Ẹ má bu kẹrosíìnì sí sítóòfù tàbí àtùpà tó ń jó lọ́wọ́. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ má lò ó rárá.

Inverter àti bátìrì: Ibi tí atẹ́gùn ń gbà ni kó wà, jìnnà sí àkàsọ̀, ẹnu ọ̀nà àti yàrá ìsùn. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kó so ó.

Àbẹ́là àti kọ́ìlì ẹ̀fọn: Orí àwo irin ni kẹ́ ẹ gbé wọn lé, jìnnà sí kọ́tìnnì àti nẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa àbẹ́là kẹ́ ẹ tó sùn.

Ọjà, ọ́fíìsì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́, ọjà àtayébáyé tí kò jìnnà sí ààfin Aláàfin. Kí oṣù náà tó parí, iná tún sọ ní ọjà Balógun l'Èkó. Ẹni tó bá ti ná ọjà ńlá rí nílẹ̀ wa mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n á pàtẹ dé àárín ọ̀nà, wọ́n á fi tapólì so òkè, waya iná á so kọ́ra bí okùn aláǹtakùn. Ẹsẹ̀ èèyàn ò ráyè kọjá, ká má tíì sọ ọkọ̀ panápaná. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ fa ìlà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pàtẹ kọjá, kẹ́ ẹ dúró lé e. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan pa iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó lọ sílé, kí kàǹga tàbí táǹkì omi sì wà tó ń ṣiṣẹ́.

Ní ọ́fíìsì, ilé ẹ̀kọ́, òtẹ́ẹ̀lì, gbọ̀ngàn ayẹyẹ àti ilé ìjọsìn, ilẹ̀kùn àbájáde gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìta ni kí wọ́n máa ṣí sí, wọn kò sì gbọ́dọ̀ wà ní títì nígbà tí èèyàn bá wà nínú ilé. Bí èrò bá ń tira, wọn ò ní lè fa ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú mọ́ra. Àwọn kan máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn káwọn èèyàn má baà wọlé láìsanwó, tàbí kí ìsìn má baà dàrú. Ẹ fi ẹnì kan dúró síbẹ̀ dípò àgádágodo. Kí ẹ yan àwọn tó máa darí èèyàn jáde, kí orúkọ àwọn tó wọlé wà nílẹ̀ láti pè, kẹ́ ẹ sì máa ṣe ìdánrawò.

Ta ni iṣẹ́ yìí já lé léjìká?

Ìwé ìlànà ilé kíkọ́ orílẹ̀-èdè yìí, National Building Code, tó jáde lọ́dún 2006, sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà àbájáde àti ààbò lọ́wọ́ iná. Ẹni tó bá ń kọ́lé, kó jẹ́ kó wà nínú pláànì láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó nira láti fi àkàsọ̀ kejì kún ilé tó ti parí. Àwọn iléeṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ máa ń yẹ ilé wò, wọ́n sì ń gbani nímọ̀ràn. Ẹ pè wọ́n kí iná tó sọ.

Ayálégbé náà ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó san owó ilé, ẹ wo irin fèrèsé, ẹ wo iye ilẹ̀kùn, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ lè gbà wọlé. Bí lánlọ́ọ̀dù bá ní òun ò lówó láti tún irin ṣe, ẹ lè jọ dá owó wẹ́dà. Ẹ kàn má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sẹ́nu.

Bí iná bá jó èèyàn

Bí aṣọ bá gbiná lára èèyàn, kó má sáré. Kó dúró, kó dùbúlẹ̀, kó máa yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ títí iná á fi kú. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi tútù sójú egbò náà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má lo yìnyín. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ọwọ́ tó wú, àmọ́ ẹ má fa aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ má fi ẹyin, ògì, epo tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹni tó bá mí èéfín símú náà gbọ́dọ̀ lọ, kódà bó bá ní kò sóhun tó ń ṣe òun.

Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ ṣe nǹkan márùn-ún yìí lálẹ́ òní, kò ná yín lówó.

1. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn síbi kan pàtó, kẹ́ ẹ fi han gbogbo ará ilé.
2. Ẹ kó ohun tó bá dí pàsééjì tàbí àkàsọ̀ kúrò.
3. Ẹ ti orí sílíńdà gáàsì, kẹ́ ẹ yọ ohun tí ẹ ò lò lójú iná.
4. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ibi tí gbogbo yín á ti pàdé níta.
5. Ẹ kọ 112 sára ògiri.

Bó bá di ọjọ́ Sátidé, ẹ pe wẹ́dà.